Ẹ̀jẹ̀ Mi Ni Wọ́n Gbà, Ẹlòmíràn Ni Wọ́n Sọ Èsì Fún

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, tí wọ́n ní àwọ́n rí "àmì jẹjẹrẹ" nínú rẹ̀, ẹ jókòó ná. Ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni. Ẹ má tíì sunkún. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìtùnú ni àwọn tó ń kọ irú ìtàn báyìí fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń bí mi, irọ́ ni màá sì pa bí mo bá sọ pé ó ti tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín, kí ẹ lè mọ ibi tó yẹ kí ẹ ti dúró, kí ẹ sọ pé rárá.

Ràfíátù ni orúkọ mi. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mí, ọmọ oníṣẹ́ awọ. Bàbá mi, kí Ọlọ́hun foríjì wọ́n, ń ṣe tìmùtìmù àti àpò awọ títí wọ́n fi kú. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti lọ́kọ. Onítẹ̀bọmi ni ẹbí ọkọ mi, Mùsùlùmí ni èmi, a ò sì torí ẹ̀ jà rí. Wọ́n ń jẹ ẹran Iléyá mi, èmi náà ń jẹ ìrẹsì Kérésì wọn. Mo ń rán kọ́tìnnì àti ìrọ̀rí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àdúgbò Under G. Ọmọ kan ni mo bí, Àdùnní. Oyún tó tẹ̀lé e wálẹ̀, láti ìgbà náà ni èmi àti Gbádébọ̀ ọkọ mi sì ti ń retí òmíràn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Àárẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Mi ò lè tẹ máṣìnì pẹ́ mọ́. Bí mo bá gbé kọ́tìnnì lọ sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí yàrá náà bá wà lókè, màá jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n á máa ré mi kọjá, wọ́n á máa ní, "Màámi, ẹ kú ìsinmi." Ìsinmi wo? Mi ò lè dìde ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lójú kan lójú kan. Bí mo bá fi itan gbá etí tábìlì lásán, ibẹ̀ á wú, á dúdú bí ẹni tí wọ́n fi kùmọ̀ lù. Mo ń rin pákò, itọ́ mi ń pọ́n. Nǹkan oṣù mi bá tún dé, ó kọ̀ kò lọ.

Ìyá mi wá kí wa láti Ọ̀yọ́, wọ́n rí apá mi. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Ọkọ mi ni wọ́n kọjú sí.

"Gbádébọ̀, ṣé o ti ń na ọmọ mi ni?"

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màámi, mo fi Bíbélì búra, mi ò fọwọ́ kàn án rí."

"Ta ló wá lù ú? Ògiri?"

A rẹ́rìn-ín sí i nígbà tó yá. Ẹ̀rín náà dùn mí báyìí, nítorí ara mi ti sọ ohun tó ń ṣe é, ó sọ ọ́ ketekete, ìjà tọkọtaya ni wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ló tán lára mi. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n bá se poroporo bàbà, omi rẹ̀ pọ́n gbòò, wọ́n ní kí n máa mu ún láàárọ̀ lálẹ́. Wọ́n tún gbé hàntú wá láti ọ̀dọ̀ ààfáà àdúgbò wa, èyí tí wọ́n kọ sí wàláà tí wọ́n fi omi ṣàn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà ò gbẹ́yìn. Mi ò ní dárúkọ wọn, ìyàwó kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ. Bọ̀ọ̀dá Tíṣà ni mo ń pè wọ́n, nítorí ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bọ̀ọ̀dá Tíṣà gbé òróró àdúrà wá láti orí òkè, wọ́n ní kí n fi pa ikùn. Mo mu ti ọ̀tún, mo fi ti òsì para. Ara mi wá dà bí ibùdókọ̀ tí àdúrà gbogbo ti ń bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń lọ.

Nígbà tí mo dákú lẹ́yìn máṣìnì, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan tí kò jìnnà sí wa. Dókítà ibẹ̀ bi mí nípa nǹkan oṣù mi, kò sì bi mí ní ohun mìíràn mọ́. Kò wo itan mi. Kò ní kí n la ẹnu. Wọ́n ka ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n rí i pé ó ti lọ sílẹ̀ gan-an, wọ́n ní nǹkan oṣù ló fà á. Wọ́n yàwòrán ikùn mi, wọ́n rí kókó kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọmọ. Wọ́n wá tún gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn, wọ́n ní èyí ni àwọ́n máa fi wá àmì jẹjẹrẹ. Wọn ò pe jẹjẹrẹ létí mi o. "Àyẹ̀wò pàtàkì kan" ni wọ́n pè é fún mi. Èmi kàn na apá ni.

Ní ọjọ́ èsì, èmi, ọkọ mi àti Bọ̀ọ̀dá Tíṣà jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó ní, "Ta ni ẹbí aláìsàn yìí?" Bọ̀ọ̀dá Tíṣà dìde, wọ́n tún agbádá wọn ṣe, wọ́n wọlé. Ọkọ mi tẹ̀lé wọn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Èmi tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára mi wà níta, mò ń wo àwòrán ìyá àti ọmọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

Nígbà tí wọ́n jáde, Bọ̀ọ̀dá Tíṣà ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rí i kí wọ́n rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ sí mi rí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn.

"Ìyàwó wa, kò sí nǹkan bàbàrà. Wọ́n á kàn ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré kan, kí ẹ̀jẹ̀ yẹn lè dúró."

"Kékeré báwo, sà?"

"Ìwọ ṣáà máa gbàdúrà."

Mo wo ojú ọkọ mi. Ilẹ̀ ló ń wò.

Àṣà wa ni. Bí àìsàn bá le, a kì í sọ fún ẹni tó ń ṣe. A ní ọkàn rẹ̀ á pami, a ní ìbẹ̀rù ló máa ń pani ṣáájú àìsàn. Gbogbo ẹbí á mọ̀, àwọn ará ìjọ á mọ̀, ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ìta á mọ̀. Ẹni tó ni ara nìkan ni kò ní mọ̀. Èmi náà ti bá wọn ṣe é rí fún ìyá àgbà kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, mo sì rò pé àánú ni. Kò sí àánú níbẹ̀. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n bí olórí bá ń ṣàìsàn, ó dà bí ẹni pé a lè bẹ́ orí náà pàápàá.

Ìyá Ṣadé ló jẹ́ kí n fura. Aládùúgbò wa ni, èmi àti ẹ̀ sì ti ń jà tipẹ́ nítorí omi gọ́tà tó ń darí sí ẹnu ọ̀nà mi. Ẹni bá mọ Ìyá Ṣadé á mọ̀ pé àforíjì ò sí nínú ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀. Ó ṣàdédé gbé ẹran díndín wọlé wá, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá Àdùnní, ẹ foríjì mí o. Ilé ayé yìí ò tó nǹkan."

Ẹran náà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún ara mi pé, Ràfíátù, o ti kú, ìwọ nìkan ni o ò tíì gbọ́.

Mo bi ọkọ mi. Ó ní kò sí nǹkan. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, wọ́n fi oríkì mi pè mí, "Àṣàbí, gbogbo rẹ̀ á dára," wọ́n sì pa fóònù. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé wọ́n ti ṣèpàdé ní pálọ̀ Bọ̀ọ̀dá Tíṣà. Wọ́n pe àbúrò bàbá mi ní Ọ̀yọ́ sórí fóònù, ẹbí méjèèjì fohùn ṣọ̀kan. Onítẹ̀bọmi àti Mùsùlùmí fohùn ṣọ̀kan lórí ilé ọmọ mi, ẹnikẹ́ni ò rántí pé mo ń gbé ní òpópónà kejì.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé. Láàárọ̀, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa ki abẹ́rẹ́ omi sí lápá mi. Wọ́n gún ibi kan, wọn ò rí iṣan, wọ́n yọ ọ́, wọ́n gún apá kejì. Wọ́n fi òwú lé ibi àkọ́kọ́. Òwú rẹ. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, òun náà rẹ. Ẹ̀jẹ̀ gba ìgúnwọ́ mi sọ̀ kalẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Mo mọ ìrọ̀rí, iṣẹ́ mi ni. Mo wò ó bó ṣe ń pọ́n títí tó fi dé ojú ibi tí wọ́n ti rán an.

Nọ́ọ̀sì tó ń múra mi sílẹ̀, ọmọ dáadáa ni, kò mọ̀ pé wọn ò sọ fún mi. Ó fẹ́ tù mí nínú ni. Ó ní, "Màámi, ẹ má bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ wọn ló wà láyé tí wọ́n ń jayé orí wọn."

"Ilé ọmọ ta ni?"

Ó fọwọ́ bo ẹnu.

Mo dìde. Mo fa rọ́bà omi yẹn yọ, mo wà nínú aṣọ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n wọ̀ fún mi, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ò pa dé, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àwọn olùpinnu mi jókòó sí. Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti apá mi méjèèjì.

"Bọ̀ọ̀dá Tíṣà, ilé ọmọ ta ni wọ́n fẹ́ yọ?"

Wọ́n fò dìde. "Ìyàwó wa, padà sórí bẹ́ẹ̀dì."

"Mo ní ilé ọmọ ta ni?"

"A ò fẹ́ kó bà ọ́ lọ́kàn jẹ́ ni. Jẹjẹrẹ ni. Nọ́ńbà rẹ̀ ga. Dókítà fi hàn mí, mo fi ojú mi rí i."

"Ẹ fi ojú yín rí nọ́ńbà. Ẹ fi ojú yín rí èmi?"

Dókítà ti jáde sí wa nígbà náà. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ní ẹbí mi ti fọwọ́ sí i. Mi ò mọ ibi tí ohùn tí mo fi dáhùn ti wá. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni mí, mi ò bá àgbà jiyàn rí.

"Ẹbí mi fọwọ́ sí i, ṣé ẹbí mi ló máa dùbúlẹ̀? Ibi tí abẹ́rẹ́ gún mi láti àárọ̀ ni mo dì mú yìí, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Bí ẹ bá wá fi ọ̀bẹ la ikùn mi, kí lẹ fẹ́ fi dá ìyẹn dúró? Òwú? Bàbá mi ò jẹ́ gé awọ ewúrẹ́ láì kọ́kọ́ nà án síta kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Awọ ewúrẹ́ ni o!"

Ó wo apá mi. Ó wò ó pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, wíwò yẹn ló ń bí mi nínú jù lọ títí di òní. Ó ti ń rí apá yẹn tipẹ́. Ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó.

Mo jáde nílé ìwòsàn náà. Gbádébọ̀ ló sáré tẹ̀lé mi, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ dà bò mí lẹ́yìn, ó dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró. Ó gbé wa dé ilé. Ibẹ̀ ló ti sunkún. Ó ní, "Wọ́n ní bí mo bá sọ fún ọ, èmi ni mo máa pa ọ́." Mo fẹ́ gbá a létí. Mo gbá a mọ́ra, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbá a létí.

Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba la gbà lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ibẹ̀ náà ń bí èèyàn nínú. Ẹ ó jí lọ ṣáájú kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ó bá èrò níbẹ̀. Ẹ ó tò fún káàdì, ẹ ó tò fún owó sísan, ẹ ó tò fún dókítà. Wọ́n á ní iná ò sí, ẹ padà lọ. Wọ́n á ní àwọn dókítà daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ padà lọ. A ta máṣìnì mi kan láàárín ìpadàlọ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kàn mí, dókítà obìnrin kan fa ìpéǹpéjú mi sísàlẹ̀, ó ní kí n la ẹnu, ó wo itan, ó wo ẹ̀yìn, ó tẹ abẹ́ ìhà mi. Ó bi mí ní ìbéèrè títí ó fi rẹ̀ mí.

"Ta ló sọ fún yín pé jẹjẹrẹ ilé ọmọ ni?"

"Nọ́ńbà ni, mà."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní nǹkan oṣù tó ń ya lè mú kí àmì yẹn ga. Ó ní kókó tí kò lè pani lè mú un ga, àìsàn inú eegun pàápàá lè mú un ga. "Àmì ni, mà. Ó ń sọ pé kí a lọ wò. Kò sọ pé kí a lọ gé."

Ó ní òun fẹ́ gba nǹkan díẹ̀ nínú mùdùnmúdùn eegun ìbàdí mi. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó dùn mí. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú sí i, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n fa mùdùnmúdùn náà, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń fa ẹsẹ̀ mi gba inú ìbàdí jáde. Mo ké. Kò pẹ́ púpọ̀, ó tán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún yín, nítorí ibẹ̀ ni òótọ́ wà.

Ọjọ́ tí èsì dé, dókítà obìnrin yẹn ní kí n jókòó sí iwájú òun, ó kọjú sí mi. Ó ní mùdùnmúdùn eegun mi ló ń ṣàìsàn. Ibẹ̀ ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Tèmi ń ṣe é, ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣe kò pé, ó ń kú kó tó dàgbà, èyí tó yẹ kó máa dá ẹ̀jẹ̀ dúró kò sì tó nǹkan mọ́. Ìdí nìyẹn tí ara mi fi ń dúdú, tí eyín mi ń ṣẹ̀jẹ̀, tí nǹkan oṣù kọ̀ tí kò lọ. Ilé ọmọ mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní àìsàn yìí lè di jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ó sì lè má dì í, àwọn á máa ṣọ́ ọ. Mo bi í pé ká ní wọ́n la ikùn mi lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Mo ní kó sọ fún mi.

"Ẹ ò bá má jí, mà."

Ọkọ mi gbé orí lé tábìlì.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gba ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè, wọ́n sì ń fẹ́ kí ẹbí wá fi ẹ̀jẹ̀ tiwọn dípò èyí tí mo gbà. Àwọn tí pálọ̀ Bọ̀ọ̀dá Tíṣà ò gbà lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ bá mi wá wọn. Ọ̀kan ní òun ń gbààwẹ̀. Ọ̀kan ní iṣẹ́ pọ̀ lóko òun ní Ìkòyí-Ilé. Gbádébọ̀ ló kọ́kọ́ na apá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Under G, àwọn tí mo ń rán ìrọ̀rí fún, gbọ́ ọ, wọ́n ń wá. Bọ̀ọ̀dá Tíṣà náà wá lọ́jọ́ kan, láì jẹ́ pé a pè wọ́n. Àwọn nọ́ọ̀sì yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wọn ru jù, kí wọ́n lọ tọ́jú ara wọn. Bọ̀ọ̀dá Tíṣà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n tẹrí ba, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, wọn ò gbà á." Mo fẹ́ bínú sí wọn lọ́jọ́ náà, mi ò rí i ṣe. Lọ́jọ́ kejì, mo tún rí i ṣe.

Báyìí, mo wà láyé. Mo ń lo oògùn, àárẹ̀ ń mú mi lọ́jọ́ mìíràn, mo sì ń rán kọ́tìnnì lọ́jọ́ tí kò bá mú mi. Mo ti ní kí ìyá mi dáwọ́ poroporo bàbà dúró, nítorí dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí mi lára ti kó irin tó pọ̀ wá, poroporo náà sì ń fi kún un. Ìyá mi bínú díẹ̀, wọ́n gbà. Nǹkan oṣù mi ń wá, ó sì ń lọ. Bóyá màá tún bímọ, mi ò mọ̀. Dókítà ní kí n má tíì dá a lábàá. Ṣùgbọ́n ilé ọmọ mi wà níbi tí Ọlọ́hun fi sí, èmi ni mo sì ń dúró dè é.

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nọ́ńbà dẹ́rù bà, ẹ ní kí wọ́n wá ohun tó gbé e ga. Bí ara yín bá ń dúdú, tí ẹ̀jẹ̀ kì í dá, ẹ pariwo rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú ọ̀bẹ. Ẹ sì sọ fún àwọn èèyàn yín lónìí, kí ara tó le yín, pé ẹ̀yin ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún.

Nígbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, nọ́ọ̀sì tuntun kan yọjú sí wa lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹbí Ràfíátù dà? Èsì ti dé." Gbádébọ̀ ò dìde. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Olóhun rèé," ló wí. "Òun ni kẹ́ ẹ sọ fún."

Mo wọlé. Dókítà wo ìwé, ó wo ojú mi. Ó ní nọ́ńbà àmì jẹjẹrẹ ọjọ́sí yẹn ṣì ga, kò wálẹ̀ rárá.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Mo jókòó, mo ní kí wọ́n sọ ìyókù.